Owó ìwádìí: ta ló ń san án, kí ló sì kan igbó àti odò Èkìtì?

Ní Èkìtì tiwa yìí, níbi tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pọ̀ sí, a máa ń gbọ́ ọ gan-an pé "pùrọ̀fẹ́sọ̀ lágbájá ti gba gíráàǹtì." Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni náà ti là nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí àwa tí kì í ṣe olùkọ́ yunifásítì mọ bí owó yìí ṣe ń rìn, nítorí omi tí à ń mu àti oko tí à ń ro wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Gíráàǹtì ni owó tí ìjọba, àjọ tàbí ilé-iṣẹ́ kan yà sọ́tọ̀ kí wọ́n lè fi wá ìdáhùn sí ìbéèrè kan. Kì í ṣe owó-oṣù, kì í sì í ṣe ẹ̀yáwó. Àjọ náà á kọ́kọ́ kéde pé àwọn fẹ́ ìwádìí lórí nǹkan báyìí. Olùkọ́ á kọ àbá ránṣẹ́: ohun tó fẹ́ mọ̀, ọ̀nà tó fẹ́ gbà, iye tí ẹ̀rọ, ìrìnàjò àti àwọn òṣìṣẹ́ yóò gbà, àti ìgbà tí iṣẹ́ náà yóò parí. Àwọn onímọ̀ mìíràn á yẹ̀ ẹ́ wò, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àbá ń kú sí. Èyí tó bá yege, yunifásítì ló sábà máa ń gba owó rẹ̀ wọlé, kì í ṣe àpò olùkọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń san án, wọ́n á sì béèrè ìjábọ̀ iṣẹ́ àti ti ìnáwó.

Ní Nàìjíríà, ibi tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ń wò fún owó yìí ni TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń pín owó fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Owó orí ẹ̀kọ́ ló bí i. Òfin ọdún 1993 ló ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà máa san ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún èrè wọn fún ẹ̀kọ́. Òfin ọdún 2011 ló sọ àjọ tó ń ná an di TETFund, tó sì fi í mọ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba. Òfin ìnáwó ọdún 2021 gbé owó orí náà dé ìdá 2.5, ti 2023 gbé e dé ìdá 3. Láti oṣù kìíní ọdún 2026, òfin owó orí tuntun ti pa á pọ̀ mọ́ àwọn owó mìíràn di ìdá 4, ìdajì rẹ̀ sì ni ti TETFund. Nítorí náà, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó, Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọ̀yẹ́, Yunifásítì Bámidélé Olúmilúà ní Ìkéré àti Políì Ìjọba Àpapọ̀ ní Adó lè jẹ nínú rẹ̀. Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá, tó jẹ́ ti aládàáni, kò sí lára wọn.

Ẹ wo ìdí owó náà dáadáa. Àwọn ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì wà lára àwọn tó ń san owó orí yìí. Èyí já sí pé owó epo wà nínú owó tí a fi ń wádìí ìdí tí òjò kò fi rọ̀ lásìkò mọ́. Kò burú ní tèmi, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé òfin ló gba owó náà, tí ilé-iṣẹ́ epo kò sì jókòó níbi tí wọ́n ti ń yan ìbéèrè. Ohun mìíràn ni tí ilé-iṣẹ́ bá fúnra rẹ̀ gbé owó wá bá olùkọ́. Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà kéde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 pé òun yóò yẹra fún ilé-iṣẹ́ 90 tó ń ṣòwò epo àti èédú, ExxonMobil wà lára wọn, tí òun kò sì ní gba owó ìwádìí lọ́wọ́ wọn mọ́.

Ẹni tó ń sanwó ló ń pinnu ìbéèrè tí wọ́n máa kọ́kọ́ dáhùn. Nínú igbó ọba tó wà ní Ìsẹ̀-Èkìtì, ìnàkí ṣì wà níbẹ̀, irú èyí tó jẹ́ pé Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù nìkan ni wọ́n ti ń rí i. Ìbéèrè lórí ìnàkí yìí lè rí olówó ní ilẹ̀ òkèèrè, inú mi sì dùn sí i, nítorí àwọn agégi kò dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n omi ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Omi tó ń ṣàn jáde níbi tí wọ́n ti ń fún ẹ̀gẹ́ fún gaàrí ní májèlé tí wọ́n ń pè ní sáyánáìdì nínú. Ó ń jó koríko, ó ń pa ẹja nínú odò kékeré. Àwọn ìyá wa tó ń ṣe gaàrí nílò ọ̀nà tí kò wọ́n láti tọ́jú omi náà, ó sì yẹ kí owó tiwa, tó ti inú owó orí ilẹ̀ wa jáde, kọ́kọ́ lọ síbẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ọjọ́. Gíráàǹtì sábà máa ń jẹ́ ti ọdún kan, méjì tàbí mẹ́ta. Igbó àti odò kò mọ kàlẹ́ńdà náà. Ẹni tó wọn omi dáàmù Ureje ní Adó tàbí ti Èrò ní Ìkún fún ọdún méjì dà bí ẹni tó wo ọmọ ọwọ́ tó sì ní òun ti mọ bí yóò ṣe ga tó. Ó lè jẹ́ ọdún ọ̀dá ló bọ́ sí, ó lè jẹ́ ọdún àgbàrá.

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà kan, Charles David Keeling, bẹ̀rẹ̀ sí í wọn afẹ́fẹ́ káábọ́ọ̀nù (CO2), èyí tó ń mú ayé gbóná, lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii lọ́dún 1958. Ní 1959, nínú ìdá mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́ tí à ń mí, nǹkan bí 316 ló jẹ́ káábọ́ọ̀nù náà. Ní 2024, ó ti ju 420 lọ. Òǹkà yìí wà lára ẹ̀rí tó lágbára jù lọ pé ènìyàn ń yí ojú ọjọ́ padà. Síbẹ̀, lọ́dún 1964, wọ́n gé owó rẹ̀, iṣẹ́ náà sì dúró fún ìgbà díẹ̀. Kò sí ìbéèrè tuntun níbẹ̀ tí olówó á fi ṣe fáàrí. Wíwọn kan náà ni lójoojúmọ́.

Rothamsted, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ kan ní Ìlú Ọba, yan ọ̀nà mìíràn. Láti 1843 ni wọ́n ti ń gbin wíìtì sórí oko wọn kan tó ń jẹ́ Broadbalk, tí wọ́n ń wo ohun tí ajílẹ̀ ń ṣe sí iyẹ̀pẹ̀. John Bennet Lawes, ẹni tó là nídìí títa ajílẹ̀, fi 100,000 pọ́n-ùn sílẹ̀ lọ́dún 1889 kí iṣẹ́ náà má bàa parí pẹ̀lú ẹ̀mí òun. Wọn kò ná orí owó náà tán. Èrè rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́.

Ìwádìí fúnra rẹ̀ náà ń ba àyíká jẹ́. Àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Exeter ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2015 pé ike tí àwọn yàrá ìdánwò lágbàáyé ń dànù lọ́dún kan tó tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 5.5. Àwọn olówó ìwádìí ní Ìlú Ọba ti ń béèrè báyìí bí olùkọ́ yóò ṣe dín iná àti ìdọ̀tí kù. Ìṣòro tiwa ni jẹnẹrétọ̀ tí kì í sinmi, nítorí pé ohun tó wà nínú fíríìsà yàrá ìdánwò á bàjẹ́ bí iná bá lọ. Iná sólà tí wọ́n ṣí ní Yunifásítì Bayero ní Kánò lọ́dún 2019 fi hàn pé a lè ṣe é lọ́nà mìíràn.

Nítorí náà, bí olùkọ́ kan bá wá sí ìlú yín láti wọn odò tàbí ka igi, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: ta ló fún yín lówó, ọjọ́ wo ló parí, níbo ni òǹkà yóò wà lẹ́yìn náà? Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú náà lè ṣe tiwọn. Òṣùwọ̀n òjò kan nínú ọgbà ilé-ìwé girama, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí yóò máa kà á láràárọ̀, ìwé àkọsílẹ̀ méjì: ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé, èkejì ní yunifásítì. Iṣẹ́ yẹn kò nílò gíráàǹtì.