Ìsọdọmọ-ìlú: ẹ yé pe gbogbo ìwé ní páálí

Mo tún rí i kà lọ́sẹ̀ tó kọjá pé "ìsọdi-àdánidá" ni Yorùbá ohun tí òyìnbó ń pè ní naturalization, ìyẹn kí òfin sọ àlejò di ọmọ ìlú. Inú bí mi. Ohun tó bá jẹ́ àdánidá, Ẹlẹ́dàá ló dá a bẹ́ẹ̀: imú gbọọrọ, orí pípá, ẹsẹ̀ wíwọ́. Báwo ni adájọ́ ṣe máa jókòó sí kóòtù ní Baltimore l'Amẹ́ríkà, táá wá sọ ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ẹni ogójì ọdún di àdánidá? Ṣé ayédèrú ni ọkùnrin náà tẹ́lẹ̀ ni? Ẹni tó hun ọ̀rọ̀ yìí kàn ṣí ìwé atúmọ̀ èdè ni, ó rí natural, ó mú àdánidá, ó fi "ìsọdi" síwájú rẹ̀, ó lọ sùn.

Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ da ara wọn láàmú: "naturaláísésọ̀n". Kí ènìyàn tó pè é tán, adájọ́ ti dìde, wọ́n ti paná kóòtù. Mi ò lòdì sí àyálò o. Kọ̀ǹpútà ò ṣe mí ní nǹkan kan, fóònù náà ń kọ́. Pásípọ́ọ̀tù gan-an, mo máa ń pè é bẹ́ẹ̀ bí mo bá ń kánjú. Àyálò tó bá ti rọ̀ mọ́ni lẹ́nu ti di tẹni. Èyí ò rọ̀.

Nínú gbogbo wọn, ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ olùkọ́ ni mo lè dá lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Òun ní "ìbúra-wọ̀lú" ló yẹ. Ó dùn létí, mo gbà. Ìbúra náà ló sì kádìí ètò ọ̀hún ní Amẹ́ríkà lóòótọ́: ènìyàn á ti fi ìwé ìgbélùú (green card) gbébẹ̀ fún ọdún 5, tàbí ọdún 3 bó bá jẹ́ pé ọmọ ìlú ló fẹ́, á ti jókòó dáhùn ìbéèrè lórí ìtàn àti ìjọba wọn, á wá na ọwọ́ ọ̀tún sókè. Àmọ́ ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ńkọ́, tó ní ìwé ìgbélùú, tó ń bá a gbé lábẹ́ òrùlé kan náà? Òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 2000 sọ pé ọmọ bẹ́ẹ̀ ti bá òbí rẹ̀ di ọmọ Amẹ́ríkà lọ́jọ́ yẹn, kò búra, kò lanu, ó lè máa sùn lọ́wọ́. Ibo la máa fi ọmọ yìí sí nínú ìbúra-wọ̀lú? "Wọ̀lú" gan-an tún ń kọ mí lóminú. Ẹni tó ti ń gbé Baltimore láti ọdún mẹ́sàn-án, ìlú wo ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀?

Ìsọdọmọ-ìlú ni tèmi. Mi ò dá a sílẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ti lo ìsọdọmọ nínú Róòmù orí kẹjọ, níbi tí wọ́n ti sọ nípa ẹ̀mí ìsọdọmọ, kò sì sí ìyá ìjọ kan tó béèrè pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a kò bí sílé, tí a sọ di ọmọ ilé, tó sì ń bá wọn jogún. Ẹ fi ìlú kún un, ó tán. Èdè wa sì ti ya ará ìlú sọ́tọ̀ sí ọmọ ìlú tipẹ́tipẹ́. Ará ìlú ń gbé ibẹ̀, ó ń san owó orí, ó ń bá wọn jó níjọ́ ọdún, ṣùgbọ́n bó bá ṣe ohun tí kò dáa, wọ́n lè ní kó kẹ́rù rẹ̀. Ẹni tó ní ìwé ìgbélùú, ará ìlú ni. Lẹ́yìn ìsọdọmọ, ó di ọmọ. Agbẹjọ́rò kan á sọ pé ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ya fíforúkọ sílẹ̀ di ọmọ ìlú, inú abala 26, sọ́tọ̀ sí naturalization, inú abala 27. Mo mọ̀. Kí wọ́n máa bá ìyẹn ṣeré ní kóòtù.

Ọ̀rọ̀ tó tiẹ̀ mú mi jókòó kọ èyí ni páálí. Gbogbo wa là ń sọ ọ́. Ìwé ìgbélùú, páálí ni. Ìwé-ẹ̀rí ìsọdọmọ-ìlú, páálí ni. Ìwé ìrìnnà (pásípọ́ọ̀tù) náà, páálí. Ìwé mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn ò jọra, orúkọ kan ṣoṣo! Bó bá jẹ́ àwàdà lásán ni, n ò ní wí.

Àbúrò mi kan ń gbé ní ìpínlẹ̀ New York, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Ó pè mí ní Ọjọ́rú kan: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi yọ̀ o, mo ti gba páálí!" Mo ní, "O kú oríire, Olúwa á jẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ ẹ." Mi ò béèrè pé èwo. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Nígbà tó di Sátidé, ó wọ agbádá aṣọ ẹbí, ó gbé kúlà mọ́ínmọ́ín sẹ́yìn ọkọ̀, ó dorí kọ Toronto, níbi tí wọ́n ti ń sọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórúkọ.

Ohun tó pè ní páálí yẹn, ìwé-ẹ̀rí ìsọdọmọ-ìlú ni. Àárọ̀ Ọjọ́rú ni wọ́n fún un níbi ìbúra, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti gba káàdì ìgbélùú lọ́wọ́ rẹ̀, bí wọ́n ti ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tó bá búra. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, ó gba ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ, ó san dọ́là 130, ó san 35 lé e, ó kọ̀wé béèrè ìwé ìrìnnà. Ojúlówó ìwé-ẹ̀rí náà sì ni ènìyàn gbọ́dọ̀ fi sínú àpòòwé yẹn. Ẹ wá ṣírò ohun tó kù lápò agbádá: láísẹ́ǹsì ọkọ̀, ẹ̀dà ìwé-ẹ̀rí tó tẹ̀ sórí bébà lásán, àti ìwé ìrìnnà Nàìjíríà aláwọ̀ ewé.

Oníbodè Kánádà bi í pé ọmọ ibo ni. Ó ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní ìwé dà? Ó mú ti Nàìjíríà jáde. Ìwé yẹn ní ọmọ Nàìjíríà ni, ọmọ Nàìjíríà sì ń gba físà kó tó wọ Kánádà. Ó na ẹ̀dà sí wọn, ẹ̀dà kì í ṣe nǹkan. Èyí tó dùn mí jù ni pé ká ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ló lọ, nígbà tó ṣì jẹ́ ará ìlú lásán, ì bá fi káàdì ìgbélùú àti ìwé Nàìjíríà yẹn kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ láìní físà. Bó ṣe gòkè, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà dí. Wọ́n dá a padà. Ó tún wá ku ti Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tí wọ́n dá padà lẹ́nubodè òdìkejì ṣì gbọ́dọ̀ jẹ́jọ́ lẹ́nubodè tirẹ̀. Wọ́n ní kó jókòó. Wọ́n tẹ ìka rẹ̀, wọ́n wá orúkọ rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, wọ́n bi í ní ọjọ́ ìbúra. Ó ní nǹkan bí wákàtí méjì lòun fi jókòó sórí àga oníke pẹ̀lú agbádá òun, tí ọmọ kékeré kan sì ń wo fìlà òun. Wọ́n bá a sọ̀rọ̀ dáadáa, wọ́n sì jẹ́ kó wọlé. Mọ́ínmọ́ín ti tutù.

Ẹ jẹ́ kí n fi oyè ṣàlàyé rẹ̀. Àlejò ni yín nílùú kan, ẹ ti pẹ́ níbẹ̀, ọba wá ní òun fẹ́ fi yín jẹ Bọ́bajírò. Lọ́jọ́ tí wọ́n já ewé akòko lé yín lórí, lójú gbogbo ìlú, ẹ ti joyè. Kò ku nǹkan kan. Wọ́n gba àmì àlejò tó wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ láàfin. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ oyè ṣì wà lọ́dọ̀ onílẹ̀kẹ̀, ó ní òun á kọ́kọ́ rí ewé náà kí òun tó sín in, ẹ bá fi ewé ránṣẹ́ sí i. Lọ́jọ́ kẹrin ẹ fẹ́ ná ọjà ìlú kejì. Oníbodè ìlú kejì ò sí níbi ìwúyè, ọrùn yín ló ń wò, ọrùn ṣófo. Kò jẹ yín ní gbèsè, ó ní ẹ padà. Ẹ dé bodè tiyín, oníbodè ibẹ̀ náà ò rí ìlẹ̀kẹ̀. Kò lè lé yín, ọmọ ìlú ni yín, ṣùgbọ́n ó lè ní kí ẹ jókòó títí òun á fi ránṣẹ́ sáàfin.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bínú sí àwọn tó ń pe ibi báyìí ní "ààlà". Ààlà ni ilà tó pín ilẹ̀, aparò lè fò ó. Láàárín Buffalo ní Amẹ́ríkà àti Fort Erie ní Kánádà, inú odò Niagara ni ààlà wà, ẹnikẹ́ni ò sì dúró síbẹ̀ bèèrè ìwé lọ́wọ́ yín. Ẹnubodè ló wà ní ìkángun afárá kọ̀ọ̀kan. Ààlà kan, bodè méjì, oníbodè méjì tí ohun tí wọ́n ń wá ò dọ́gba. Àwọn tó ti gba Ìdìrókò rí mọ ohun tí mò ń wí.

Èyí tó kù ò le. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2009, àwọn ìwé tí Amẹ́ríkà fẹ́ rí lọ́wọ́ àgbàlagbà ọmọ ìlú tó bá gba orí ilẹ̀ wọlé ti wà ní kíkà: ìwé ìrìnnà, káàdì ìrìnnà tó jẹ́ dọ́là 30 tí kò ṣeé wọ bàálù lọ sókè òkun, káàdì NEXUS (ti arìnrìn-àjò tí wọ́n ti yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀) àti irú rẹ̀, tàbí láísẹ́ǹsì ọkọ̀ àkànṣe (enhanced driver's license) tó ń jẹ́rìí pé ọmọ ìlú ni ẹni tó ni ín. Michigan, Minnesota, New York, Vermont àti Washington nìkan ló ń ṣe láísẹ́ǹsì yẹn, kì í sì í ṣe èyí tó ní ìràwọ̀ lókè, tí wọ́n ń pè ní REAL ID. Àbúrò mi ì bá gbà á, àmọ́ ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n á fi ṣe é ti wà nínú àpòòwé. Ìwé-ẹ̀rí ìsọdọmọ-ìlú ò sí nínú àwọn tí mo kà yẹn, àfi fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16. Oníbodè Kánádà lè gbà á bó bá jẹ́ ojúlówó, tí láísẹ́ǹsì oníàwòrán sì tì í lẹ́yìn. Ẹni tí ìrìnàjò rẹ̀ sókè òkun ku ọjọ́ 14 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀ lè wá àyè lọ sí ọ́fíìsì tó ń tẹ ìwé ìrìnnà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ò ní ìdí pàtàkì, kó jókòó sílé.

Ó pè mí nígbà tó yá. "Ẹ̀gbọ́n, páálí ti dé!" Mo ní èwo? Ó dákẹ́ díẹ̀. "Aláwọ̀ aró." Ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ wá dé lẹ́yìn ìyẹn, nínú àpòòwé tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó tún pè mí, ó ní páálí kejì ti dé.