Ẹ Fi Orí Ọmọ Náà Sílẹ̀

Ìyá àgbà kan tún gbé ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́rin wá sọ́dọ̀ wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Orí ọmọ pọ́n yòò, awọ rẹ̀ ti fẹ́ máa bó. Omi gbígbóná àti ìnura ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ lálẹ́ kí orí lè rí róbótó. Èmi agbẹ̀bí, tó jẹ́ pé ọwọ́ mi ni ọ̀pọ̀ orí ní Abẹ́òkúta yìí kọ́kọ́ bọ́ sí, ni wọ́n wá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ orí. Ẹ̀yin ìyá wa, Àjàlá tó ń mọ orí lọ́run ti ṣíwọ́ iṣẹ́ kí ọmọ tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Egungun 22 ló wà ní agbárí àgbàlagbà: 8 yí ọpọlọ ká, 14 jẹ́ ti ojú. Ti ọmọ tuntun kò tíì lẹ̀ mọ́ra. Kódà iwájú orí tí ẹ rò pé egungun kan ṣoṣo ni, méjì ni lọ́jọ́ tí a bí i. Orí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 35 yíká fẹ́ gba ọ̀nà tóóró kọjá, nítorí náà àwọn egungun yìí á gun ara wọn bí páànù òrùlé Ìtòkú. Orí á gùn, á ṣe ṣóńṣó, ẹ̀rù á sì bà yín. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á padà sáyè wọn, yálà ẹ tẹ̀ ẹ́ o, yálà ẹ kò tẹ̀ ẹ́.

Àwùjẹ̀ ló jẹ mí lógún jù. Ibi tí egungun méjì ti iwájú àti méjì ti òkè orí ti pàdé, àlàfo onígun mẹ́rin kan wà níbẹ̀ tí awọ nìkan bò. Òmíràn wà lẹ́yìn, ó kéré, kì í sábà kọjá oṣù 2 sí 3 kó tó dí. Ti iwájú sábà máa ń dí láàárín oṣù 12 sí 18, ti ọmọ mìíràn sì lè tó ọdún 2. Ẹ má fi ti ọmọ aládùúgbò yín díwọ̀n ti yín. Lílù tó ń lù, ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì sínú ọpọlọ ló fà á. Kò sí ẹ̀mí àìrí kankan níbẹ̀.

Èmi kì í bi ìyá ọmọ ní ìbéèrè kí n tó wo àwùjẹ̀. Mo máa ń gbé ọmọ jókòó, n óò jẹ́ kó dákẹ́ ná, torí ẹkún nìkan lè mú un wú. Bó bá jìn wọlé, tí ẹnu ọmọ gbẹ, tí kò tọ̀ bó ṣe yẹ, omi ara rẹ̀ ló ń tán lọ. Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì ló sábà máa ń fà á. Ẹ̀yin á wá lọ po ewé mọ́ àdín, ẹ ó fi lé e lórí kí ó lè gòkè. Omi tó tán nínú ara, ṣé àtàrí ni ẹ fẹ́ gbà dá a padà? Ọmú ni, ORS (omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru) ni, síńkì ni, kí ẹ sì máa gbé e bọ̀. Àwọn mìíràn ń fi ìpara tí kàfúrà wà nínú rẹ̀ ra á, bẹ́ẹ̀ kàfúrà lè mú ọmọ ní gìrì. Ṣùgbọ́n bí àwùjẹ̀ bá wú síta tó le, tí ara ọmọ gbóná, ó lè jẹ́ àrùn yírùnyírùn, àrùn awọ tó bo ọpọlọ. Ẹ má dúró se àgbo. Ẹ gbé ọ̀kadà, kódà bó jẹ́ òru.

Ẹni tó bá fẹ́ tún orí ọmọ ṣe ní tòótọ́, kí ó tètè bẹ̀rẹ̀. Ihò gígùn tí ọpọlọ àti okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ti ń hù máa ń pa dé lápá orí ní nǹkan bí ọjọ́ 25 lẹ́yìn tí oyún dúró, lápá ìdí ní nǹkan bí ọjọ́ 28. Ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ dájú nígbà yẹn pé oyún wà. Bí apá orí kò bá pa dé, òrùlé agbárí kò ní hù. Folic acid, oògùn fítámì kan, máíkírógíráàmù 400 lójúmọ́, ó kéré tán oṣù kan kí oyún tó dé: òun ló ń dín ewu yẹn kù. Ẹ ń fi píìnì há aṣọ nítorí oòrùn ọ̀sán, ẹ kò ra folic acid ní Kútọ̀.

Èyí tó bí mi nínú jù rèé. Nígbà mìíràn, lẹ́yìn ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ máa ń rọra jọ sáàárín egungun orí kan àti awọ tó bò ó. Ẹ̀gbẹ́ kan ló máa ń wú, kì í rékọjá ojú ibi tí egungun méjì ti pàdé. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí bí oṣù 3, ara á fà á gbẹ. Mo ṣàlàyé èyí fún ìyá kan láti ìhà Làfẹ́nwá, ó ní òun gbọ́. Ìdílé gbé ọmọ lọ bá ọkùnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní oníṣègùn orí, ó sì sín gbẹ́rẹ́ sí i kí "ẹ̀jẹ̀ burúkú" lè jáde. Ẹ̀jẹ̀ tó mọ́ tónítóní! Abẹ rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò. Nígbà tí wọ́n padà dé, ọyún ń jáde, ara ọmọ ń jó, ojú rẹ̀ pọ́n bí èyí tí ibà pọ́njú mú. Dókítà ní láti fa ọyún náà, ọmọ sì gba oògùn láti inú iṣan fún ọjọ́ púpọ̀. Ìlú tí ilé ìwòsàn Sacred Heart ti wà ní Láńtòrò láti ọdún 1895! Ọmọ yè é, àpá wà lórí rẹ̀. Ọkùnrin yẹn ṣì ń pọ́n abẹ.

Ìyá mìíràn tí ọmọ tirẹ̀ ní irú wíwú bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn, kò fọwọ́ kàn án. Ó pè mí láìpẹ́ yìí: "Mọ́mì, ó ti ń lọ o, ṣùgbọ́n etí ibi tó wú náà le bí egungun." Mo ní egungun ni lóòótọ́, ara ọmọ ló ń ṣe é sí etí ẹ̀jẹ̀ náà, yóò sì tẹ́jú. Ó bi mí ohun tí òun lè fi pa á. Mo ní kó má fi nǹkan kan pa á, kó gbé e wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ kẹfà.