Ṣé dandan ni kí ìwádìí yín ti pé lọ́kàn yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé?

Ọ̀pọ̀ àwọn tó tó gbangba sùn lọ́yẹ́ nídìí ẹ̀kọ́ wọn ni kò tíì forúkọ sílẹ̀ fún oyè ọ̀mọ̀wé, torí wọ́n gbà pé àfi kéèyàn ti mọ ibi tí ìwádìí òun máa já sí kó tó kan ilẹ̀kùn yunifásítì. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí pé ìgbàgbọ́ yìí ń dá àwọn tó yẹ kó lọ dúró.

Àbá ìwádìí, ìyẹn ìwé téèyàn fi ń ṣàlàyé ohun tó fẹ́ wádìí, ló fà á. Ọ̀pọ̀ yunifásítì, pàápàá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ń béèrè rẹ̀, ẹni tó bá sì ń kọ ọ́ á máa rò pé ìwé àdéhùn lòun ń tọwọ́ bọ̀. Àmọ́ ohun táwọn tó ń kà á ń wá ni bóyá ẹ lè gbé ìbéèrè tó ṣe gúnmọ́ kalẹ̀, bóyá ẹ mọ iṣẹ́ táwọn míì ti ṣe, àti bóyá ó ṣeé parí láàárín ọdún 3 tàbí 4. Wọ́n mọ̀ pé ó lè yí padà. Ní Amẹ́ríkà, kíláàsì àti ìdánwò ló sábà máa ń gba ọdún àkọ́kọ́; ẹ̀yìn ìyẹn lọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àbá tiwọn síwájú ìgbìmọ̀.

Ẹ wo Jocelyn Bell, obìnrin onímọ̀ nípa ìràwọ̀. Ó wọ Yunifásítì Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1965 láti wádìí quasar, àwọn nǹkan tó jìnnà réré lójú ọ̀run tó ń tú ìgbì rédíò jáde. Nǹkan bí ọdún 2 ló fi bá wọn kọ́ ẹ̀rọ tó ń gba ìgbì náà, tó ń ri òpó mọ́lẹ̀, tó ń fa wáyà. Nígbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1967, bébà tó ń ya ìgbì náà sí lójúmọ́ tó nǹkan bíi mítà 30, ojú ara ẹ̀ ló sì fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ibẹ̀ ló ti rí àmì bíńtín kan tí kò jọ quasar, tí kò sì jọ ariwo ẹ̀rọ ọmọ aráyé. Nígbà tó mú kí bébà náà máa yára kọjá, ó rí i pé àmì náà ń lù déédéé, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1.3 síra. Pulsar àkọ́kọ́ nìyẹn, irú ìràwọ̀ kan tó ń yí, tí ìgbì rédíò rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa léraléra. Kò sẹ́ni tó tíì rí irú ẹ̀ nígbà tó wọlé. Síbẹ̀, àfikún lẹ́yìn ìwé ló fi pulsar sí nínú iṣẹ́ tó fi gboyè. Òun fúnra ẹ̀ ti sọ pé ẹ̀rù ń ba òun nígbà yẹn pé wọ́n á rí i pé òun ò gbọ́n tó, wọ́n á sì lé òun, ìdí nìyẹn tóun fi ń yẹ gbogbo nǹkan wò fínnífínní.

Ní ti sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ tí olùdarí, ìyẹn olùkọ́ tó ń bójú tó ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́, ti rówó gbà fún lakẹ́kọ̀ọ́ sábà ń dara pọ̀ mọ́. Nínú ìtàn tàbí lítíréṣọ̀, ẹrù àtiwá ìbéèrè máa ń wúwo díẹ̀ sí i lórí akẹ́kọ̀ọ́.

Olùdarí gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ wá. Ẹ ka ohun tó kọ láìpẹ́ yìí. Ẹ bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀: ṣé ó máa ń tètè ka iṣẹ́ wọn? Ọdún mélòó làwọn tó ṣáájú fi parí? Ta ló ń sanwó, títí dìgbà wo? Tẹ́ ẹ bá ti lè ṣàlàyé ìbéèrè yín nínú ìpínrọ̀ kan, tẹ́ ẹ sì lè sọ ìdí tí iṣẹ́ tiẹ̀ fi bá a mu, ẹ ti lè kọ lẹ́tà sí i.