Níbo Ni "OK" Ti Wá?

Ẹ tẹ́tí sí ẹni tó fẹ́ parí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. "OK, ó dáa. OK. Ó dàbọ̀." Àwọn ìyá wa tí wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ká ní ẹnì kan bi wá pé kí ni O àti K dúró fún, àwa tí a kàwé pàápàá á kọ́kọ́ dákẹ́ ná.

Àgékúrú ni. Ó dúró fún "oll korrect", ìyẹn "all correct" tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ sódì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gbogbo rẹ̀ tọ́, kò sí àṣìṣe kankan. Bẹ́ẹ̀ A ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, C ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ìkejì. Ibẹ̀ ni ẹ̀fẹ̀ ọ̀hún wà: ọ̀rọ̀ tó ń búra pé òun ò lábùkù, tó sì jẹ́ pé àbùkù ni láti orí dé ẹsẹ̀.

Ìlú Boston ní Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà, àwọn oníwèé ìròyìn ibẹ̀ ń fi àgékúrú ṣeré bí àwọn ọmọ wa ṣe ń fi ẹnà ṣeré: ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń kọ "O.W." fún "all right", bíi pé "oll wright" ni. Lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 1839, ìwé ìròyìn Boston Morning Post tẹ "o.k." jáde, ó sì fi "all correct" tì í kó lè yé òǹkàwé.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yòókù kú tán. Ìṣèlú ló gba OK là. Lọ́dún 1840, Ààrẹ Martin Van Buren ń wá ìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì. Kinderhook, ní ìpínlẹ̀ New York, ni wọ́n ti bí i, ni àwọn èèyàn rẹ̀ bá ń pè é ní "Old Kinderhook", wọ́n sì dá ẹgbẹ́ O.K. Club sílẹ̀. Àwọn alátakò náà ò dákẹ́. Wọ́n ní Andrew Jackson, ààrẹ tó ṣáájú rẹ̀, ló ń kọ O.K. sórí ìwé ìjọba nítorí pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ "all correct". Irọ́ gbáà ni, àmọ́ ó tàn kálẹ̀. Van Buren fìdí rẹmi, William Henry Harrison ló wọlé, ọ̀rọ̀ náà sì dúró. Nígbà tó yá, àwọn tó ń lu wáyà láti ìlú kan sí ìkejì gbà á mọ́ra, torí lẹ́tà méjì péré kì í fàkókò ṣòfò.

Ìtàn mìíràn pọ̀ nílẹ̀ lórí rẹ̀. Ààrẹ Woodrow Wilson a máa kọ ọ́ ní "okeh", nítorí ó gbà pé èdè àwọn Choctaw, ẹ̀yà kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló ti wá. Àwọn mìíràn ní èdè Wolof tí wọ́n ń sọ ní Senegal ni, pé àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà wa ló gbé "waaw kay", ìyẹn "bẹ́ẹ̀ ni", dé ọ̀hún. Ì bá wù mí kí èyí jẹ́ òótọ́, torí ọ̀rọ̀ Áfíríkà wọnú Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà lóòótọ́. "Gumbo", ọbẹ̀ àwọn ará Louisiana, wà lára wọn. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ méjì jọra létí ò sọ wọ́n di ọmọ ìyá. Ẹ wo "bàtà" tiwa àti ilé iṣẹ́ Bata: orúkọ ìdílé Tomáš Baťa, tó dá a sílẹ̀ ní ìlú Zlín, ní ilẹ̀ Czech, lọ́dún 1894, ni tiwọn, nígbà tí bàtà ti wà lẹ́nu wa kí wọ́n tó dé. Ohun tó fẹsẹ̀ Boston múlẹ̀ ni pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Allen Walker Read ti Yunifásítì Columbia tú ìwé ìròyìn àtijọ́ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1963 àti 1964, pẹ̀lú déètì.

Ìtumọ̀ rẹ̀ náà ti rọ̀ báyìí. Bí òyìnbó bá ní ọbẹ̀ rẹ "OK", ohun tó ń sọ ni pé ó ṣeé jẹ. Kò tíì yìn ọ́. Bí ọ̀dọ́ kan bá sì tẹ "K" nìkan ránṣẹ́ sí ọ, ó ṣeé ṣe kí inú máa bí i.