Bíréèkì tó rọ̀, bíréèkì tó ń wọlẹ̀

Mo tún ti rí i kà: ẹnì kan ní ká máa pe lílé afẹ́fẹ́ jáde nínú bíréèkì ní "mímú bíréèkì ṣẹ̀jẹ̀". Ẹ gbà mí o! Ẹ̀jẹ̀ wo ló wà lára ọkọ̀ Dyna? Mekáníìkì tó bá gbọ́ pé bíréèkì yín ń ṣẹ̀jẹ̀, ibi tó ti ń jò ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá, nígbà tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ lásán lẹ fẹ́ kó lé jáde.

Ẹlòmíràn ní "bíréèkì ń rì". Omi ni nǹkan ń rì sí. Ó ń wọlẹ̀ ni dírẹ́bà ń wí, wọlẹ̀ náà ni mo sì dì mú. Ní ti àwọn tó ní ìjánu ni ká máa pe bíréèkì, mi ò bá wọn jà. Bóyá okùn ìjánu ẹṣin ló tiẹ̀ wà lọ́kàn wa tá a fi ń sọ pé bíréèkì já. Ṣùgbọ́n "já" yẹn ló kó bá wa. Gbogbo àìsàn bíréèkì ló ti di "ó já", bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì ló wà nínú páìpù, kì í ṣe okùn.

Ẹ mú sìríńjì nọ́ọ̀sì, ẹ fa omi kún un, ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀ pa, kí ẹ wá tì í. Kò ní lọ. Bí bíréèkì tó dáa ṣe ń rí lábẹ́ ẹsẹ̀ nìyẹn. Tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ bá wà nínú omi náà, yóò máa fún pọ̀, tí ẹ bá sì dẹwọ́, yóò ta padà. Ìyẹn ló rọ̀. Ẹ wá mú sìríńjì tí rọ́bà orí ọ̀pá rẹ̀ ti jẹ. Ẹnu rẹ̀ ṣì dí, omi ò kán sílẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pá ń lọ díẹ̀díẹ̀, torí omi ń gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà sá padà sẹ́yìn. Ìyẹn ló ń wọlẹ̀, másítà (ohun tó dà bíi sìríńjì, tó ń ti ọ́ìlì sínú páìpù tí ẹ bá tẹ bíréèkì) ló sì ń ṣe é.

Ẹ tan ọkọ̀, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ má gbé ẹsẹ̀, ẹ ka oókan dé ọgbọ̀n. Tó bá ń wọlẹ̀ tí ọ́ìlì inú ike orí másítà ò dín, tí ẹ̀yìn gbogbo táyà sì gbẹ, másítà ni. Tí ọ́ìlì bá ń dín tí táyà gbẹ, ẹ tú másítà kúrò lẹ́nu bústà, ìyẹn ohun tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ láti ti másítà, kí ẹ fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá ọ́ìlì wà níbẹ̀. Bíréèkì tó ń gbé sókè tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ṣúù tó ń dá táyà dúró ló jìnnà sí dírọ́ọ̀mù tó yẹ kó fẹ̀ kàn. Ìyẹn ò le.

Ọ́ìlì tó ti gbó náà ń mú kí bíréèkì rọ̀. Ọ́ìlì bíréèkì DOT 3 tuntun gbọ́dọ̀ fara da ooru 205°C kó tó hó. Èyí tó ti mu omi lè hó ní 140°C, tó bá sì hó, oru rẹ̀ a máa fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Ẹni tó gbé yanrìn sọ̀ kalẹ̀ òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúrò lórí bíréèkì, lè bá a ní rírọ̀ nísàlẹ̀.

Ọkọ̀ tèmi rọ̀ nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ mekáníìkì kan. Ó ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Afẹ́fẹ́ jáde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ inú másítà, níbi tí rọ́bà kì í dé lójoojúmọ́, ti dógùn-ún, ìpẹtà yẹn sì ya rọ́bà. Ó rọ̀ ni mo gbé e wá, ó ń wọlẹ̀ ni mo gbé e lọ. Látìgbà náà, kí n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ bíréèkì fún irú iṣẹ́ yẹn, mo máa ń ki ègé pákó kan sábẹ́ pẹ́dà kó má baà kanlẹ̀.