Wọ́n ní ọkàn mi ò lárùn: kí ló wá ń já mi láyà?

Mo ti ṣe àyẹ̀wò ọkàn, dókítà ní kò sí nǹkan kan. Kí ló dé tí àyà mi ṣì ń lù kìkì, tí mi ò lè mí dáadáa lóru?

Ẹ ò purọ́, dókítà náà ò sì purọ́. Àyà ń lù lóòótọ́. Ọkàn kọ́ ló bàjẹ́, ọpọlọ tó ń pàṣẹ fún un ló gba ìròyìn èké. Bí ejò bá yọ síni lọ́nà oko, ọpọlọ á ránṣẹ́ sí ohun kékeré kan tó jókòó sórí kíndìnrín pé kó tú adrenaline, omi ara tó ń múni gbára dì, sínú ẹ̀jẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, ọkàn á yára kí ẹ̀jẹ̀ lè dé ẹsẹ̀ tá a fẹ́ fi sá, èémí á pọ̀ sí i, òógùn á bò wá, inú á máa ru, ìgbẹ́ tiẹ̀ lè máa gbọ̀nni. Bí ejò bá ti lọ, ara á rọlẹ̀. Ní ti ẹni tí àníyàn ti di àìsàn fún, ejò náà kì í lọ. Owó ilé ni, ọmọ tí kò tíì pe láti Kánádà ni. Nígbà mìíràn kò tiẹ̀ sí ejò kankan, ọpọlọ ṣáà ń fọn fèrè ogun.

Èyí tó ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn jù ni kí ìka ọwọ́ àti ètè kú, bíi pé èèrà ń rìn nínú wọn. Mímí ju bó ti yẹ lọ ló sábà máa ń fa ìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ apá kan ara ló kú, tí ẹnu wọ́, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ni lẹ́nu, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ àníyàn, ilé ìwòsàn kíákíá.

Ibà àti táífọ́ọ̀dù ni wọ́n ń tọ́jú fún mi láti ọdún tó kọjá. Ṣé kì í ṣe ibà ni?

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ bóyá ibà ni. Àmọ́ ẹ wo ohun tí ẹ ń sọ fún wọn: orí ń gbóná, nǹkan ń rìn nínú orí, ooru ń mú mi, oorun ò wá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń sọ ọ́, èdè wa ló kọ́ wa: àyà já, àyà fò, ara ò balẹ̀, ọkàn pòrúùrù. Ọkàn tó ń lù náà la fi ń ronú. Mi ò rí àbùkù níbẹ̀, nítorí inú ara ni àníyàn ń gbé lóòótọ́. Ibi tó ti ń dà rú ni pé ìdajì ọ̀rọ̀ là ń gbé lọ bá dókítà. A ó ka gbogbo ibi tó ń dùn wá, a ò ní sọ pé ìgbà tí iṣẹ́ bọ́ ló bẹ̀rẹ̀. Òun náà, tí èrò ti tò dé ẹnu géètì, á kọ oògùn ibà.

Ẹ sọ ìdajì kejì. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó yẹ àwọn àìsàn tó máa ń fara wé àníyàn wò: àìtó ẹ̀jẹ̀, ṣúgà tó lọ sílẹ̀, àti tairọ́ìdì tó ń ṣiṣẹ́ jù, ìyẹn ohun inú ọrùn tó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀.

Ta ni kì í ṣàníyàn ní Nàìjíríà yìí? Ìgbà wo ló di àìsàn?

Ẹni tí bẹntiróòlù gbówó lórí tí àyà rẹ̀ ò já rárá, bóyá òun ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ohun tí àwọn dókítà ń wò ni bó ṣe pẹ́ tó àti ohun tó ti gbà lọ́wọ́ ẹni. Oríṣi kan wà tó jẹ́ àníyàn lórí ohun gbogbo, lọ́pọ̀ ọjọ́, fún oṣù 6 ó kéré tán, pẹ̀lú àárẹ̀, ìbínú òjijì, ọrùn àti èjìká tó le. Òmíràn máa ń dé bí olè: láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹni náà á rò pé òun ń kú lọ, lẹ́yìn náà á rọlẹ̀. Ìbẹ̀rù pé ó tún máa dé ló ń bayé jẹ́. Ẹlòmíràn ò ní wọ dánfó mọ́, ẹlòmíràn ò ní gba orí Third Mainland kọjá. Bó bá ti ń yan ibi tẹ́ ẹ lè lọ fún yín báyìí, ẹ má dúró de oṣù 6.

Ta ni kí n lọ bá? Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí mi ní Àrò.

A ti sọ Àrò, ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ, di èébú, ó sì ń dùn mí. Níbẹ̀, ní Abẹ́òkúta, ní 1954, ni Thomas Adéoyè Lambo ti ṣètò pé kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tó wà nítòsí, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú. Ìtìmọ́lé kọ́ ni.

Ẹ tiẹ̀ lè má dé ibẹ̀ rárá. Dókítà ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín lè bẹ̀rẹ̀, kó sì kọ̀wé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn tàbí sí ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ ní Yábàá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní England lè forúkọ sílẹ̀ fúnra yín fún NHS Talking Therapies, ètò ìtọ́jú nípa ọ̀rọ̀ sísọ níbẹ̀, láìkọ́kọ́ rí dókítà. Ìjókòó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ gan-an. Oògùn àníyàn bíi sertraline náà wà, àmọ́ ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó mú un. Ẹ ṣọ́ra fún Valium àti Lexotan, oògùn amáratuni tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì. Wọ́n ń tètè mú ara rọ̀, wọ́n sì ń tètè mọ́ni lára. Ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́ kò gbọdọ̀ já a lẹ́ẹ̀kan náà, kó bá dókítà sọ ọ́.

Pásítọ̀ ní ẹ̀mí ìbẹ̀rù ni.

Ẹ gbàdúrà, kẹ́ ẹ sì lọ sílé ìwòsàn. Ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ ni kẹ́ ẹ dá dúró ná, torí ebi náà máa ń mú àyà lù.

Bó bá dé lóru ńkọ́?

Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ gbẹ́sẹ̀ lélẹ̀. Ẹ mí sínú títí tẹ́ ẹ máa fi ka 4, kẹ́ ẹ mí síta díẹ̀díẹ̀ títí dé 6. Ẹ má bá a jà, á kọjá. Bí àyà bá ń dunni bíi pé nǹkan wúwo jókòó lé e, tí ìrora ń gba apá tàbí àgbọ̀n lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín lọ sílé ìwòsàn lóru yẹn. Bó bá sì jẹ́ pé èrò àtikú ló ń wá, ẹ má dá wà: ẹ jí ẹnì kan, kẹ́ ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Bàbá mi ní kí n máa jẹ obì kí ọkàn mi lè le.

Ẹ kí bàbá. Káféènì inú obì, kan náà pẹ̀lú ti kọfí, ni kì í jẹ́ kí awakọ̀ sùn lójú ọ̀nà, ó sì máa ń mú àyà lù. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2, kẹ́ ẹ wo bí òru yín ṣe máa rí. Bó bá jẹ́ ti ìsọmọlórúkọ, awẹ́ kan ò ní ṣe yín ní nǹkan.