Next of kin kì í ṣe ajogún

Kí màmá náà tó jókòó dáadáa ni wọ́n ti yọ fọ́tòkọ́pì fọ́ọ̀mù báǹkì kan nínú báàgì. Wọ́n ti fi báírò pupa yí orúkọ ara wọn po.

"Lọ́yà, ẹ wò ó, èmi rèé. Ọkọ mi ló fọwọ́ ara ẹ̀ kọ orúkọ mi síbẹ̀. Èmi ni next of kin."

Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí ọkọ wọn kú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti wọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ bá báǹkì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń bá bọ̀: kí wọ́n lọ gba Letter of Administration wá, ìyẹn ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ láti bójú tó ohun-ìní òkú. Lójú màmá, báǹkì fẹ́ jẹ owó òkú ni.

Báǹkì kò fẹ́ jẹ owó kankan. Ohun tí wọ́n sọ bófin mu, àmọ́ kò sẹ́ni tó jókòó ti màmá láti là á yé wọn. Nínú iṣẹ́ agbẹjọ́rò tí mò ń ṣe, n kò tíì rí ìgbàgbọ́ òdì tó ń da ilé rú tó èyí: pé ẹni tí a bá kọ sí ààyè next of kin ló ni owó náà bí olówó bá kú.

Ẹ mú fọ́ọ̀mù yẹn kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Orúkọ, irú ìbátan, nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì. Ó parí. Kò béèrè iye tí ẹ fẹ́ kí ẹni náà gbà. Kò sí ààyè fún ẹlẹ́rìí. Kò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹni náà bá ṣáájú yín lọ. Ẹni tí wọ́n máa pè bí wọ́n bá wá yín tì ni wọ́n ń béèrè. Ọsibítù náà ń béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó gbé èèyàn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, kò sì sẹ́ni tó rò pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú fáìlì ọsibítù ti jogún ilé aláìsàn.

Bí èèyàn bá kú ní Nàìjíríà, owó tó wà ní báǹkì, ilé àti mọ́tò rẹ̀ di ohun-ìní òkú. Bó bá kọ ìwé ìhágún, àwọn tó yàn sínú rẹ̀ ni yóò gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ́fíìsì Probate tó wà lábẹ́ ilé ẹjọ́ gíga. Bí kò bá kọ ọ́, àwọn tí ilé ẹjọ́ fún ní Letter of Administration ni. Àwọn wọ̀nyí gan-an, alábòójútó ni wọ́n: wọ́n á kó ohun-ìní jọ, wọ́n á san gbèsè tí òkú jẹ, wọ́n á wá pín ìyókù fún àwọn tó tọ́ sí. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi káàdì ATM òkú gbowó kí báǹkì tó gbọ́. Mo mọ̀ pé ìnáwó ìsìnkú ló sábà ń fà á, ṣùgbọ́n àwọn ajogún yòókù lè torí rẹ̀ gbé yín lọ sí kọ́ọ̀tù.

Ta wá ni àwọn tó tọ́ sí? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dun màmá jù.

Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan ni àwọn àti ọkọ wọn ṣe. Ká ní wọ́n ṣe ti kọ́ọ̀tù ni, òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ìbá fún ìyàwó ní ìdá kan nínú mẹ́ta, kí àwọn ọmọ pín ìdá méjì yòókù. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ti ìbílẹ̀ nìkan, tí kò sì sí ìwé ìhágún, àṣà ni yóò pín in. Nínú àṣà Yorùbá, ọmọ ló ń jogún bàbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tún un sọ ní 1997 pé opó tí wọ́n fẹ́ nílànà ìbílẹ̀ kò lè gba àṣẹ láti bójú tó ohun-ìní ọkọ rẹ̀ pàápàá. Ìdájọ́ yẹn korò lẹ́nu mi títí dòní. Obìnrin tó bá ọkọ kọ́lé, tó gbé bíríkì, tó se oúnjẹ fún birikilà, kò yẹ kó di àlejò níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọkọ.

Ọ̀nà méjì ni a ń gbà pín in. Ìdí-igi ni kí a pín in sí iye ìyàwó tó bímọ fún olóògbé. Orí-ò-jorí ni kí a pín in sí iye ọmọ. Ẹjọ́ Danmole àti Dawodu, tó rìn títí dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún Nàìjíríà nígbà náà, ní 1962, ló fẹsẹ̀ ìdí-igi múlẹ̀. Orí-ò-jorí wà fún ìgbà tí ìjà bá dé, tí olórí ẹbí sì rí i pé òun ló máa parí rẹ̀.

Ọmọ mẹ́ta ni màmá bí. Ọkọ wọn sì ní ọmọkùnrin kan níta, tí gbogbo ẹbí mọ̀. Ìdí méjì nìyẹn. Mo kọ ọ́ sórí bébà: ìdajì fún ọmọkùnrin yẹn, ìdajì fún àwọn mẹ́ta tí màmá bí, kò sí nǹkan kan fún màmá fúnra wọn. Wọ́n wo bébà náà títí, wọ́n wá dojú rẹ̀ bolẹ̀ sórí tábìlì.

"Ṣùgbọ́n orúkọ mi ló kọ, ọmọ mi."

Bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ wọn ló kọ. Mo gbà pé ó fẹ́ kí owó náà jẹ́ tiwọn. Àárín ohun tó fẹ́ àti ohun tó kọ sílẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ wá há sí.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí yàtọ̀ díẹ̀. Níbẹ̀, ẹ lè dárúkọ ẹni tí wọ́n máa san owó yín fún bí ẹ bá kú. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí fọ́ọ̀mù pe ẹni náà. Tó bá jẹ́ next of kin ló kọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé.

Àkọ́bí màmá àti ọmọkùnrin tó wà níta ni wọ́n jọ lọ gba Letter of Administration. Wọ́n mú ìwé ẹ̀rí ikú lọ, wọ́n to gbogbo ohun-ìní olóògbé sílẹ̀, wọ́n wá oníduúró, wọ́n kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn kí ẹni tó bá ní ẹjọ́ lè jáde. Ó gba oṣù púpọ̀, ó sì gba owó. Ìwé ìhágún olójú ìwé méjì ìbá ti sọ ẹni tó ni kí ni. Mùsùlùmí tó fẹ́ kí ìyàwó òun gba ìdá kan nínú mẹ́jọ bí Kùránì ti là á sílẹ̀ fún ẹni tó fi ọmọ sílẹ̀ lọ náà lè kọ ọ́ síbẹ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè há ohun tó jẹ́ ti ẹbí fún ẹlòmíì. Àwọn tó ń sọ pé ìwé yìí ń pe ikú, mo ti kọ ọ́ fún èèyàn púpọ̀ tí a ṣì ń kíra.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà parí, màmá pè mí. Nínú àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù tiwọn, ọkọ wọn ṣì ni next of kin. Ta ni kí àwọn fi rọ́pò? Mo ní kí wọ́n kọ ọmọ tó máa ń gbé fóònù. Wọ́n ní ìyẹn ni àbíkẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn sì fẹ́ kọ ìwé ìhágún, pé àbíkẹ́yìn náà àti ọkọ rẹ̀ ló máa ṣe ẹlẹ́rìí.

Mo yára dá wọn dúró. Ẹni tó bá jẹ́ ẹlẹ́rìí sí ìwé ìhágún, òun tàbí ọkọ tàbí aya rẹ̀, yóò pàdánù ohun tí wọ́n há fún un nínú rẹ̀. Ìwé náà á dúró, àmọ́ ọwọ́ tiwọn á ṣófo. Ẹlẹ́rìí méjì tí kò ní ìpín níbẹ̀ ni kí wọ́n mú wá, kí àwọn méjèèjì sì wà níbẹ̀ pa pọ̀ nígbà tí màmá bá ń buwọ́ lù ú.

Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, màmá mú obìnrin méjì wá láti ìjọ wọn. Màmá wọ jígí ojú wọn, wọ́n ka ìwé náà látòkè délẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì, kí wọ́n tó béèrè báírò.